Bátìrì Tí Mo Tà fún Ẹ̀gbọ́n Ìdrìsù

Ẹ̀gbọ́n Ìdrìsù, ẹ sún mọ́ mi. Kàfáyá, ìyàwó mi, má jáde. Jókòó, kí ìwọ náà gbọ́ irú ọkọ tí o fẹ́. Àìsàn yìí ò ní jẹ́ kí n pẹ́ mọ́, mi ò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ rántí ọdún tí wọ́n ti ibodè pa, tí ẹrù láti èbúté Kùtọnu ò wọlé mọ́. Ẹ wá ra bátìrì ọkọ̀ yín ní ilé iṣẹ́ tí mo ti ń bá wọn ta ọkọ̀. Ẹ ní ẹ ò ra ti inú ọjà, nígbà tí ọmọ ìlú yín wà nílé iṣẹ́ ńlá. Bẹ́ẹ̀, bátìrì ti tán lọ́wọ́ wa. Èmi tí mo ti ń fọ́nnu kiri àdúgbò wa ní Boukoki pé kò sí ohun tí a ò ní, ojú tì mí láti sọ ọ́. Mo wọ ẹ̀yìn lọ, mo mú ọ̀kan nínú àwọn tí oníbàárà dá pa dà nítorí pé wọn kì í mú iná dúró. Mo fi iná kún un, mo nù ún, mo lẹ ìwé tuntun mọ́ ọn lára. Ẹ ní, "Ta ní í yẹ ọjà ọwọ́ àbúrò rẹ̀ wò?" Ẹ ṣàdúrà fún mi. Mo ṣe àmín, èmi aláìnítìjú.

Ooru mú. Mímí bẹ̀rẹ̀ sí í ni Ìyá yín lára nílé yín ní Bobiel, ọkọ̀ sì kọ̀, kò ṣíná. Nígbà tí takisí fi gbé wọn dé ọsibítù, ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ìyá tó máa ń fi ẹran inú àwo tirẹ̀ kún tèmi, tó ń pè mí ní àbíkẹ́yìn òun.

Ìyẹn kọ́ ló burú jù. Lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ bi mí pé, "Nùrẹ́nì, kí ló ṣe bátìrì tuntun yẹn?" Mo wo ojú yín, mo ní, "Ó jọ pé ẹ gbàgbé iná ọkọ̀ sílẹ̀ ni." Ẹ wá ní, "A jẹ́ pé èmi ni mo pa ìyá mi." Mo gbọ́ ọ, mo sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹ ní kí n bá yín ta ọkọ̀ náà, ẹ ò wakọ̀ mọ́ láyé. Mi ò lè tà á. Ẹ̀yìnkùlé níhìn-ín ni mo bò ó sí. Láti ìgbà náà lẹ ti ń fẹsẹ̀ rìn láti Bobiel wá kí mi nínú oòrùn.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò gbàgbé iná kankan. Mo fẹ́ràn yín, mo sì jẹ́ kí ẹ ru ẹrù mi. Bí ẹ bá lè dárí jì mí, inú mi á dùn, ṣùgbọ́n ara yín ni kí ẹ kọ́kọ́ dárí jì. Kàfáyá, kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ náà wà lábẹ́ ìrọ̀rí mi, mú un fún wọn. Mo ti ní kí wọ́n fi bátìrì tuntun sí i. Lọ́tẹ̀ yìí, Ẹ̀gbọ́n, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó gbà á lọ́wọ́ mi.