Ọ̀rọ̀ Ẹni tí Wọ́n Borí Nínú Iyàn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó mú mi wọ mọ́tò Ògbómọ̀ṣọ́ ní Ọ̀yọ́ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, nítorí ààfáà àgbàlagbà kan àti ọmọ rẹ̀ obìnrin ló jókòó níwájú mi. Ọmọ náà ń lọ dáhùn ìbéèrè àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lórí ìwádìí rẹ̀, ó sì ń bẹ bàbá rẹ̀ fún àdúà.

“Àdúà wo? Nínú gbogbo ohun tó wà láyé, ọ̀rọ̀ àwọn Júù lo rí kọ. Ní mọ́sálásí, wọ́n ń bi mí bóyá o ṣì ń kírun.”

“Ẹ̀yìn yín ni mo ti kírun Àsùbáà lónìí, Bàbá. Ohun tí àwọn onímọ̀ wọn sọ nípa bí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe yẹ kí wọ́n máa bá ara wọn gbé ni mò ń wádìí.”

“Ṣé àwọn fúnra wọn gbọ́ ara wọn yé?”

“Iyàn ni wọ́n máa ń jà. Ṣùgbọ́n tí àwọn ààfáà wọn àtijọ́ bá jiyàn tán, wọ́n á kọ ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n borí sílẹ̀ pẹ̀lú ti ẹni tó borí. Wọ́n ní ó lè wúlò lọ́la.”

“Ọ̀rọ̀ ẹni tí wọ́n borí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá. Tí orílẹ̀-èdè bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara wọn, ogun á dín kù. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún wọn nìyẹn, ọkàn mi sì balẹ̀.”

“Ó dáa. Kọ tèmi náà sílẹ̀. Kọ ọ́ pé bàbá rẹ ò fara mọ́ ọn.”

Ọmọ náà yọ bírò, ó kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé rẹ̀, ó sì kà á sókè. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì, ó bẹ̀rẹ̀ àdúà, gbogbo mọ́tò sì ń ṣe Àmín.