Rámọ́tà Ájẹ́ntì àti Kànga Alhaji Bùsárì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tó tẹ́ ilẹ̀ pẹrẹsẹ kí ẹnikẹ́ni nínú wa tó rí ibi mọ ògiri sí. Kí ìkẹ́ Rẹ̀ máa bá Ànábì wa, ẹni tí àwọn ọ̀tá rẹ̀ pàápàá ń kó ẹrù pamọ́ sí lọ́wọ́. Jàmáà, ọ̀rọ̀ àmánà, ohun tí a fọkàn tán ènìyàn fún, ni mo gbé wá lónìí. Ẹ̀yin ájẹ́ntì tẹ́ ẹ ń bá wa wálé, ẹ sún mọ́ iwájú. Ẹ̀yin onílé, ẹ má sá. Ẹ̀yin ayálégbé, ẹ yéé rẹ́rìn-ín, a ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kí oorun tó gbé àwọn kan lọ: ẹni tó bá mọ àléébù ohun tó ń tà, tó wá bò ó mọ́ ẹni tó ń rà á lójú, ohun tó bá jẹ níbẹ̀, háráàmù ni. Ànábì ti wí i pé ẹni tó bá rẹ́ wa jẹ kì í ṣe ara wa.

Obìnrin kan wà ní Ìlọrin níbí, Rámọ́tà lórúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ájẹ́ntì ló ń ṣe. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó fi ọmọ mẹ́ta sílẹ̀ fún un. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn káàkiri àdúgbò, oòrùn ń pa á, òjò ń pa á. Nínú àwọn onílé tó ń bá ṣiṣẹ́, kò sí ẹni tó tó Alhaji Bùsárì. Ilé Alhaji kò lóǹkà, sàáfù iwájú ní mọ́sálásí ló sì ti máa ń kírun.

Ọ̀kan nínú àwọn ilé náà rẹwà lójú púpọ̀: ọ̀dà tuntun, ilẹ̀ tó ń dán. Ṣùgbọ́n ihò ṣaláńgá rẹ̀ sún mọ́ kànga jù. Ìyá Mùbárák, ayálégbé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó jáde níbẹ̀, ló wá bá Rámọ́tà.

Ó ní, "Arábìnrin mi, ìgbàkígbà tí òjò bá rọ̀, omi kànga yẹn a máa rùn. Ìgbẹ́ gbuuru ò kúrò lára àwọn ọmọ mi. Èyí àbíkẹ́yìn, díẹ̀ ló kù kí n pàdánù rẹ̀."

Rámọ́tà lọ wò ó fúnra rẹ̀. Ó fa omi, ó gbé e sí imú. Astagfirullah! Ó gba ọ̀dọ̀ Alhaji lọ tààrà.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká dí kànga yẹn, ká gbẹ́ òmíràn síbi tó jìnnà sí ṣaláńgá, kí a tó fi ènìyàn síbẹ̀."

Alhaji ń fa tẹ̀súbáà lọ. "Rámọ́tà, ìwọ ṣáà máa mú ayálégbé wá. Àbí ìwọ lo máa bá wọn mu omi ni?"

Ẹ gbọ́ ná! Tẹ̀súbáà wà lọ́wọ́ o!

Kò pẹ́, Alhaji fúnra rẹ̀ rí tọkọtaya kan tó ń wálé. Ó ránṣẹ́ sí Rámọ́tà pé kó mú kọ́kọ́rọ́ ilé yẹn wá. Oyún inú ìyàwó ti yọ síta dáadáa. Ọkọ wo yàrá, inú rẹ̀ dùn. Ìyàwó ló bèèrè pé, "Àǹtí, omi ńkọ́? Ṣé omi kànga yìí dára?"

Kí Rámọ́tà tó la ẹnu, Alhaji ti gbà á: "Omi? Omi Mẹ́kà gan-an ò mọ́ tó o!"

Ẹ̀yin ìyá wa, tó bá jẹ́ ẹ̀yin ńkọ́? Owó ilé-ìwé ọmọ mẹ́ta wà lọ́kàn, ẹni tí ẹ ti ń rí jẹ dúró síwájú yín. Rámọ́tà wo ikùn obìnrin yẹn. Ó gbé kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ó ju ìfami sínú kànga, gbọ̀m! Ó bu omi sínú ife, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Alhaji.

"Ẹ̀yin lẹ dàgbà jù níbí, Alhaji. Ẹ bá wa ṣe bìsìmílà. Tí ẹ bá mu, àwa náà á mu."

Alhaji wo ife. Ó wo ojú wọn. "Mo... mo wà nínú ààwẹ̀."

Ìyàwó ní, "Bàbá, ṣebí obì lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ tán yẹn?"

Ọkọ fa ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n sì bá tiwọn lọ. Alhaji bú ramúramù: "Rámọ́tà! Ìwọ àti iṣẹ́ ilé nílùú yìí, ó ti parí!"

Rámọ́tà dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ dànù. "Ọlọ́hun ni mo bẹ̀rù, Alhaji. Mi ò bẹ̀rù yín."

Alhaji ṣe bó ti wí. Àwọn onílé gba kọ́kọ́rọ́ wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Olórí àwọn ájẹ́ntì pè é, ó ní, "Lọ bẹ Alhaji. Ṣé o ò gbọ́ pé òtítọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké ni?"

Rámọ́tà ní, "Kó kùtà, Bàbá. Mi ò ní ta èké."

Mi ò ní tàn yín pé ọ̀nà là fún un lọ́jọ́ kejì. Ebi pa á. Aṣọ ló ń bá ènìyàn fọ̀ kí àwọn ọmọ tó rí jẹ. Ó sunkún lórí ẹní ìkírun. Ṣùgbọ́n kò lọ bẹ ẹnikẹ́ni.

Ó wá ṣe, ọmọ Alhaji, Sàlámátù, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ́kọ, ń wá ilé tó máa gbà nítòsí ibi iṣẹ́ ọkọ rẹ̀, níbi tí Alhaji ò nílé sí. Ájẹ́ntì tó bá mú un délé kan á ní, "Kò síyọnu níbí." Ọkàn Alhaji ò balẹ̀. Kí ló dé? Ó mọ ohun tí òun fúnra rẹ̀ máa ń ní kí àwọn ájẹ́ntì sọ! Jàmáà, ta ni yóò wá pè?

Rámọ́tà ń ṣan aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí ọkọ̀ Alhaji dúró. "Rámọ́tà, ọmọ mi fẹ́ gbalé. Ìwọ ni mo fẹ́ kó bá a wá a. Ìwọ ni mo fọkàn tán."

"Ẹ káàbọ̀, Alhaji. Màá wá a. Ṣùgbọ́n mo gbọ́ pé ẹ ti fi ènìyàn sí ilé yẹn, kànga ọjọ́sí ni wọ́n sì ń mu. Ṣé ọmọ tiyín nìkan ló ní ikùn ni?"

Sàlámátù yọ orí síta látinú ọkọ̀. "Dádì, kànga wo?"

Ọmọ bọ́ sílẹ̀, ó wá dúró níwájú bàbá rẹ̀. "Dádì, mo ní kànga wo?"

Kí Jímọ̀ tó pé, àwọn bíríkìlà tí Alhaji rán ti ń da erùpẹ̀ sí kànga yẹn, wọ́n ti ń gbẹ́ òmíràn síbi tó jìnnà sí ṣaláńgá. Ìgbà yẹn ni Rámọ́tà nu ọwọ́ rẹ̀ gbẹ, tó bá Sàlámátù lọ wá ilé.

Ẹ̀yin ájẹ́ntì, iṣẹ́ yín kì í ṣe háráàmù. Irọ́ inú rẹ̀ ni háráàmù. Tí onílé bá ní kí ẹ bo àléébù ilé, ẹ sọ pé rárá, ẹ má sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. Ta ló ń pín arísìkí? Ṣé onílé ni? Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ń gbọ̀n níwájú rẹ̀?

Ọlọ́hun, fi ọ̀nà tó tọ́ mọ̀ wá. Má jẹ́ ká kọ́lé rẹpẹtẹ láyé, ká wá sùn síta lọ́jọ́ àlùkìyámọ̀. Fún wa ní ẹnu tó lè sọ pé rárá, kí O sì bá wa bọ́ ọmọ ẹni tó bá sọ ọ́. Àmín.