Ọkọ̀ Òkun Tí Wọ́n Ti Ń Sá fún Omi

Ìgbà tí mò ń sọ yìí, irun orí mi ṣì pé, eyín ẹnu mi náà sì jẹ́ tèmi. A ṣẹ̀ṣẹ̀ kó dé Fẹ́sítáàkì ni, sínú ọ̀kan lára àwọn ilé tí wọ́n kọ́ fún àwọn àlejò àjọ̀dún. Omi ẹ̀rọ ń yọ nígbà náà... ẹ má rẹ́rìn-ín, òótọ́ ni.

Akin, àbúrò mi, ń gbé lọ́dọ̀ mi. Bàbá Kékeré lẹ̀ ń pè é lónìí. Nígbà náà, ọ̀dọ́mọkùnrin ni, iṣẹ́ ọkọ̀ òkun nìkan ló wù ú. Wọ́n ti gbà á sínú ọkọ̀ kan ní Àpápá. Ọkọ̀ èrò ni tẹ́lẹ̀, òun ló ń kó àwọn èèyàn pàtàkì lọ sí ìlú òyìnbó. Nígbà tó darúgbó, wọ́n sọ ọ́ di ilé-ẹ̀kọ́ àwọn atukọ̀. Ó ku kí èmi ẹ̀gbọ́n fọwọ́ síwèé.

Ìyá wa ní kí n dúró ná. Ọmọ etí odò ni wọ́n, l'Amúwo. Wọ́n ní, "Akin ò mọ odò wẹ̀. Fojú ara rẹ wo ọkọ̀ náà. Tí wọn ò bá ní kọ́ ọ ní odò wíwẹ̀, má fọwọ́ sí nǹkan kan. Mi ò bímọ fún ẹja."

Mo di táì mọ́rùn, èmi àti Akin wọkọ̀ ní Mazamaza, ó di Àpápá. Ọ̀físà kan mú wa káàkiri. Aṣọ ọrùn rẹ̀ funfun débi pé ó ń dun ojú.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo iná yìí. Òkè òkun ló ti wá."

Mo wò ó. Ó mú wa dé gbọ̀ngàn tí àwọn èrò àtijọ́ ti ń jó. Wọ́n ti to tábìlì síbẹ̀, dùùrù ṣì wà ní kọ̀rọ̀. Ó ní ibẹ̀ ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ìràwọ̀ darí ọkọ̀. Mo gbójú sókè. Àjà ni mo rí.

A dé òkè pátápátá. Ibi ìwẹ̀ àwọn èrò ló wà níbẹ̀, kòtò ńlá tí wọ́n lẹ táìlì búlúù mọ́. Kò sí ẹ̀kán omi kan níbẹ̀. Àga tó ti kán ló kún un, àti àpò àlùbọ́sà mẹ́fà.

Mo ní, "Ọ̀gá, omi dà?"

"A ti fà á gbẹ, Ẹ̀gbọ́n. Akẹ́kọ̀ọ́ kan fẹ́rẹ̀ẹ́ rì sínú rẹ̀."

Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ atukọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ rì, omi ni wọ́n lé kúrò nílé-ẹ̀kọ́!

Mo ní, "Òkun tó wà lábẹ́ wa yìí ńkọ́? Ìgbà wo lẹ máa fa ìyẹn náà gbẹ?"

Kò rẹ́rìn-ín. Èmi náà ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n má ṣèyọnu, jákẹ́ẹ̀tì tó ń jẹ́ kéèyàn léfòó wà.

"Ó dà?"

"Ó wà ní sítọ́ọ̀."

"Ẹ ṣí i ká wò ó."

"Ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti lọ líìfù."

"Ìgbà wo ló máa dé?"

"Ó kọ̀wé pé òun fẹ́ fi díẹ̀ kún un."

Iṣẹ́ ìjọba lèmi náà ń ṣe. Mo mọ irú líìfù yẹn. Ẹni tó bá fẹ́ rì gbọ́dọ̀ ní sùúrù. Inú bí mi. Mo ki bírò padà bọ àpò.

Akin ní, "Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà fọwọ́ sí i. Màá kọ́ ọ tí mo bá débẹ̀."

"Níbo? Nínú àlùbọ́sà?"

Ọ̀físà ní ìwé gbọ́dọ̀ dé kí oṣù tó parí.  Bí a ṣe délé, Akin ní mo ti ba ayé òun jẹ́.

Mo mú un lọ bá Bàbá Múfú, apẹja, ẹbí ìyá wa, létí odò l'Amúwo. Bàbá Múfú ò ní iná òkè òkun. Okùn kan ni wọ́n ní. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọmọ níbẹ̀ nìyẹn: wọ́n á so okùn mọ́ ọ níbàdí, wọ́n á tì ọ́ látinú ọkọ̀ ojú omi, ẹni tó di okùn mú á wá máa bá ọ sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, omi tí Akin mu pọ̀ débi pé mo rò pé odò máa fà. Ó ń ké, "Bọ̀dá mi o! Bọ̀dá mi o!"

Bàbá Múfú ní, "Orí ilẹ̀ ni bọ̀dá rẹ wà. Ju ẹsẹ̀."

Ó ju ẹsẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń ju ẹsẹ̀. Nígbà tí oṣù ku ọjọ́ méjì kó parí, wọ́n tú okùn. Akin wẹ̀ lọ sí òdìkejì, ó wẹ̀ bọ̀. Ìyá wa jókòó létí odò, wọ́n ń wò ó.  Wọ́n kàn na ọwọ́ sí àpò mi, wọ́n fa bírò yọ, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́.

Kò pẹ́ tí Akin wọ ọkọ̀ tí lẹ́tà rẹ̀ fi dé. Ọ̀físà aláṣọ funfun ti pè é sí kọ̀rọ̀, pé kó jọ̀ọ́, kó máa kọ́ àwọn tó kù ní odò wíwẹ̀. Wọ́n ti kó àlùbọ́sà jáde ní ibi ìwẹ̀, wọ́n ti bu omi sí i. Ẹni tó kọ́kọ́ wọnú omi wá kẹ́kọ̀ọ́ ni ọ̀físà fúnra rẹ̀... ó di okùn mú.

Ẹ̀yin ọmọ ìwòyí wá ńkọ́? Omi ló yí yín ká ní Fẹ́sítáàkì yìí. Ẹ ó lọ sí ibi ìwẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì, ẹ ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ dé kókósẹ̀, ẹ ó ya ogójì fọ́tò. Ta ló mọ odò wẹ̀ nínú yín?

Hẹn-ẹn. Mo ti mọ̀.

Bàbá Múfú ti lọ. Ibi tí Akin ti kọ́ ọ, wọ́n ti da yanrìn sí i, wọ́n fi kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Ó ń dùn mí o. Ṣùgbọ́n ó ṣì ku ibì kan tí wọn ò tíì rántí da yanrìn sí, okùn Bàbá Múfú sì wà lẹ́yìn ilé mi níhìn-ín.

Ẹ wá ní Sátidé. Ẹ má jẹun yó.