Ohun Tí Pásítọ̀ Àtijọ́ Fi Sílẹ̀

Nínú bọ́ọ̀sì Woolwich sí Thamesmead, lọ́dún tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé London, ìkùukùu bo odò, ọ̀dọ́bìnrin kan sì ń bá màmá àgbà kan sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń lálàá.

"Mummy, èmi ni màá sọ̀rọ̀ nípa pásítọ̀ ayé àtijọ́ kan ní church lọ́jọ́ Sunday. Torí kó lè gbàdúrà bó ṣe fẹ́ ló ṣe wọkọ̀ ojú omi láti England níbí lọ sí Amẹ́ríkà. Ìjọ tó dá sílẹ̀ ṣì wà. Mo fẹ́ràn ẹ̀, àfìgbà tí mo ka ìwé ìhágún ẹ̀, èyí tó fi pín ogún ẹ̀. Ó fi Bíbélì, àga mẹ́fà àti ẹrú kan, èèyàn dúdú bíi tiwa, sílẹ̀ fọ́mọ ẹ̀."

"Kí lorúkọ ẹrú náà?"

"Wọn ò kọ ọ́, ma."

Màmá yíjú sí i. "Ó lórúkọ. Ìyá ẹ̀ mọ̀ ọ́n. Ibẹ̀ ni kó o ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ẹ lọ́jọ́ Sunday."