Táyà Fífẹ̀ Tó Wu Ṣọ́jà

Nígbà ìjọba ṣọ́jà, tí táyà tòkunbọ̀ pàápàá ti di ọ̀wọ́n, mo ń dúró de táyà tèmi lọ́dọ̀ fokanáísà kan ní Abúlé Òkúta nígbà tí ọkùnrin kan wa mọ́tò ìjàpá dé. Táyà tó wọ̀ fún un fẹ̀ débi pé ó yọ kọjá mọ́dígáàdì.

"Ọ̀gá, ẹ bá mi yọ gbogbo ẹ̀. Ẹ dá táyà tẹ́ẹ́rẹ́ ti tẹ́lẹ̀ padà."

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní kí n jẹ́ kó yọ síta dáadáa, kí gbogbo ará títì Bajulaiye lè rí i? Kí ló dé, ẹ̀gbọ́n?"

"Ṣọ́jà kan dá mi dúró ní Fádèyí. Kò béèrè ìwé mọ́tò. Ó kàn bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń fọwọ́ pa táyà yìí bí ẹni ń pa ọmọ lórí. Ó ní ó wu òun. Ló bá béèrè ibi tí mò ń gbé."

"Ẹ ò sọ fún un, àbí?"

"Ìbọn wà léjìká ẹ̀! Mo júwe ilé fún un délé délé, bí ẹni ń júwe fún àlejò."

Fokanáísà ti tú nọ́ọ̀tì kan. Ó gbé sípánà sílẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, tó bá dé tí kò bá táyà nílẹ̀, kí lẹ rò pé ó máa gbé lọ?"

Ọkùnrin náà mú sípánà náà nílẹ̀, ó nà án sí fokanáísà.

"Ẹ dè é padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fọ ẹrẹ̀ ara ẹ̀ náà, kí ṣọ́jà náà lè tètè dá a mọ̀."