A Ti Ka Fátíhà Lé E Lórí

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi méjèèjì ló ṣe. Kò sẹ́ni tó ròyìn rẹ̀ fún mi. Èmi gan-an ni mo gbé ọwọ́ sókè. Adájọ́ ti ní mi ò ní jáde nínú ẹ̀wọ̀n Sokodé yìí títí n ó fi kú. Mi ò bá a jiyàn.

Ìwé kékeré ni mo kà, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ní Kambolé, kò sẹ́ni tó ń kọ ebè tó mi. Bí mo bá wọ agbo ilé, ilé á pa rọ́rọ́. Lọ́jọ́ kan, mo gbá Sàlámátù létí níwájú àlejò. Ọmọbìnrin àbúrò mi ọkùnrin tó ti kú ni, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé, ìyá rẹ̀ ń tajà ní Kouloundè, ní Sokodé. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọkùnrin ló wà nílé yìí." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi ju ẹran lọ.

Láti orí ìgbátí, mo dé orí pàṣán. Nígbà tó jẹ́ kí àgbàdo jóná, mo lù ú títí apá rẹ̀ fi kán. Àwọn àgbà wá, mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n ka àdúrà Fátíhà. Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ní, "Ó tán. Ẹni bá tún mẹ́nu bà á, òun ló dá a sílẹ̀." Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é lọ́dọ̀ wa: ọ̀rọ̀ tí a bá ti ka Fátíhà lé lórí, òkú ọ̀rọ̀ ni.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, mo tún lù ú, ojú rẹ̀ wú, olùkọ́ rẹ̀ rí i. Madámù kan wá láti ọ́fíìsì ìjọba ní Tchamba. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti dá ilé tí wọ́n á ti tún lu ọmọ mọ̀, kí ó tó pẹ́ jù.

Ó bi ìyàwó mi, "Màmá, ṣé ó ti ṣẹlẹ̀ rí?"

Mémúnà wo ojú mi. "Rárá. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí."

"Apá tó wọ́ yìí ńkọ́?"

"Orí igi máńgòrò ló ti já bọ́."

Ó yíjú sí Bàbá Àgbà. "Bàbá, ẹ má bínú. Bó bá ti ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á tún ṣẹlẹ̀. Mo ní láti mọ̀ ni."

Bàbá Àgbà ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ lọ. "Ọmọ mi, kò sí nǹkan kan níbí."

Arúgbó náà kò rò pé irọ́ lòun pa. Òfin Fátíhà tó kà ló ń pa mọ́.

"Ẹ jẹ́ kó lọ bá ìyá rẹ̀ ná," ni madámù wí.

Mo ní, "Madámù, ṣé ẹ bímọ? Ẹ lọ tọ́ tiyín."

Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín. Sàlámátù kò rín. Ó ti di aṣọ rẹ̀ sínú ọ̀rá láti lọ. Nígbà tí madámù lọ láìmú un, ó jókòó, ó ń tú u.

Nígbà tí a wa iṣu tán, ewúrẹ́ jẹ iṣu èèbù mi lójú rẹ̀. Igi ọkọ́ ló wà lọ́wọ́ mi.

Lórí zémì, alùpùpù akérò tí a gùn lọ sí ilé ìwòsàn ní Sokodé, àyà mi ni orí rẹ̀ wà. Ó ní, "Bàbá, mi ò ní ṣe é mọ́." Kí a tó kọjá Tchamba, ó ti dákẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí wọ́n bá ń yìn yín pé ọmọdé ń bẹ̀rù yín, ẹ má gbà á. Bí ẹ bá sì mọ ilé tí wọ́n ti lu ọmọ rí, ẹ dárí jì wọ́n bó bá wù yín, ṣùgbọ́n ẹ sọ fún ẹni tó bá béèrè. Àdúrà lè bo ẹ̀ṣẹ̀ níwájú Ọlọ́run. Kò gba pàṣán lọ́wọ́ ènìyàn.

Ohun tó lọ nìyí. Ọmọ kan. Aya kan, tó kó ọmọ mi mẹ́ta lọ sílé bàbá rẹ̀ ní Koussountou. Oko iṣu kan tó di igbó. Ọ̀rá aṣọ kan, tí ìyá Sàlámátù wá gbà ní Kambolé.