Oyin Kò Lé Ẹ̀mí Mímọ́ Lọ

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ pariwo ná! Ògo! Ògo fún Ẹni tó dá màmá mi padà fún mi! Ẹ bá mi pariwo sí i, ẹ̀yin ará, torí ohùn èmi nìkan ò tó o. Ògo!

Orí akẹ́kọ̀ọ́ kan ni ọwọ́ mi wà nígbà tí fóònù dún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé irun ni mò ń dì ní Àgọ́-Ìwòyè. Mo ti di apá ọ̀tún orí ọmọ náà tán, apá òsì ṣì wà ní títú. Aago méjìlá ọ̀sán ti kọjá díẹ̀. Mo wo fóònù, Bùrọ̀dá Dàre ni, akọ̀wé tó máa ń kọ ìran sílẹ̀ ní ilé àdúrà wa yìí. Bùrọ̀dá Dàre kì í sì í pè mí.

"Sístà Títí, ẹ yin Ọlọ́run! Ẹ̀mí ti gbé màmá yín! Láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ àdúrà ọ̀sán ni. Wọ́n ń gbọ̀n, wọ́n ń làágùn, wọ́n ń sọ̀rọ̀, mo sì ń kọ ọ́. Orúkọ yín ni wọ́n ń pè ṣáá, ni mo ṣe ní kí n pè yín."

Inú tirẹ̀ ń dùn. Ní tèmi, kóòmù bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n padà sẹ́yìn díẹ̀, torí mo rí ojú tuntun láàárín wa. Màmá mi nìyẹn lórí àga kejì, tí wọ́n ń mi orí sí mi pé kí n má sọ̀rọ̀ jù. Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Ó ti lé lọ́dún méjì tí dókítà ti sọ fún wọn pé wọ́n ní àtọ̀gbẹ, pé ṣúgà ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ wọn. Èmi ni mo tẹ̀ lé wọn lọ. Wọ́n fún wọn ní oògùn oníhóró, nọ́ọ̀sì sì kọjú sí mi: "Ìwọ ọmọ yìí, gbọ́. Oògùn yìí ń fa ṣúgà wálẹ̀ ni. Bí oúnjẹ ò bá sí nínú wọn, á fà á kọjá ibi tó yẹ. Tó o bá rí i tí màmá ń gbọ̀n, tí wọ́n ń làágùn tútù, tí ọ̀rọ̀ wọn ò já gaara mọ́, má dúró wò. Bí wọ́n bá ṣì lè gbé nǹkan mì, fún wọn ní nǹkan dídùn, kẹ́ ẹ sì máa bọ̀ níbí."

Mo gbọ́. Mo ṣèlérí pé n ó máa wá yẹ oògùn náà wò lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Mo sì ń ṣe é.

Àmọ́ ẹ mọ màmá mi, obìnrin ààwẹ̀ ni wọ́n. Lọ́jọ́ kan mo bá wọn nílé tí wọ́n tún ń múra ààwẹ̀. Mo ní, "Màámi, ṣé ẹ fẹ́ fi ààwẹ̀ pa ara yín ni?" Wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, "Nígbà tí mo gbààwẹ̀ kí n tó lóyún rẹ, o ò bi mí." Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn. Mo gbé báàgì mi, mo ní bí wọn ò bá ní gbọ́, èmi ò ní wá mọ́.

Oṣù márùn-ún! Láti Òkè-Àgbò níbí sí Àgọ́-Ìwòyè, Òrù ló wà láàárín wa, ọ̀kadà lásán ni. Oṣù márùn-ún ni mi ò fojú kan ìyá mi.

Mi ò lè purọ́ níwájú pẹpẹ: àárò wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Bí mo bá ń wẹ ọmọ mi, ohùn wọn ni mò ń gbọ́ pé kí n má gbàgbé ẹ̀yìn etí. Bí obìnrin kan bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá tó ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì díẹ̀ bíi tiwọn, n ó dìde dúró. Lọ́jọ́ ìsinmi, n ó wọ sùtánà mi, n ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, n ó tún bọ́ ọ. Ìgbéraga ni, ẹ bá mi tọrọ àforíjì. Láràárọ̀ ni màmá mi máa ń fíláàṣì mi lẹ́ẹ̀kan péré. Èmi náà á fíláàṣì padà. Wọ́n jí, mo jí. Gbogbo ọ̀rọ̀ wa nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí mò ń wí yìí, fíláàṣì ò wọlé. Mo ní bóyá kò síná láti fi ṣáájì fóònù ni.

Mo pariwo sínú fóònù: "Bùrọ̀dá Dàre, ṣé òógùn náà tutù? Ẹ fọwọ́ kàn wọ́n wò!"

"Háà, Sístà! A kì í fọwọ́ kan ẹni tó wà nínú ẹ̀mí."

Òfin wa ni lóòótọ́. Inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ẹni tí Ẹ̀mí bá gbé, a ó fi í sílẹ̀ títí yóò fi padà wá, akọ̀wé á sì máa kọ. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bí wọ́n bá fi ìyá mi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n lè má padà wá.

"Ṣé wọ́n ti jẹun?"

"Jẹun kẹ̀? Ọjọ́ kejì ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́ta nìyí!"

"Ẹ gbé fóònù fún Bàbá Wòlíì! Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín!"

Bàbá Wòlíì jókòó síbí yìí, wọ́n á jẹ́rìí mi. Wọ́n ní, "Títí, kí ló dé?"

Mo ní, "Bàbá, oògùn ṣúgà ló wà lára màámi láìsí oúnjẹ. Bí wọ́n bá ṣì ń gbé nǹkan mì, ẹ fún wọn ní nǹkan dídùn. Ẹ má bínú sí mi, Bàbá, ó lè má jẹ́ ẹ̀mí."

Mò ń gbọ́ màmá mi lẹ́yìn wọn tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, ohùn tí mo ti ń wá láti oṣù márùn-ún, mi ò sì mọ ohun tí wọ́n ń wí. Ìgbà tó yá, mo gbọ́ Bàbá: "Ẹ gbé oyin orí pẹpẹ wá. Bó bá jẹ́ Ẹ̀mí Mímọ́ ni, oyin ò lè lé e lọ."

Halelúyà! Ẹ pàtẹ́wọ́ fún Jésù!

Akẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń dirun fún ti dìde. Ó ní, "Àǹtí, ẹ máa lọ. Irun ò lè sá." Òun náà, pẹ̀lú orí tó dì lápá kan, ló sáré lọ dá ọ̀kadà dúró fún mi. Kí n tó kọjá Òrù, Bùrọ̀dá Dàre tún pè. Wọ́n ti po oyin mọ́ omi, màmá mi ti ń mu ún díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì ti bèèrè pé, "Kí ló dé tẹ́ ẹ fi yí mi ká?" Mo bú sẹ́kún lórí ọ̀kadà. Ọlọ́kadà ní, "Ìyàwó, ṣé kí n dúró ni?" Mo ní kó má dán an wò!

Bí mo ṣe dé, ọsibítù la gbé wọn lọ tààrà. Dókítà gún ìka wọn, ó ní ṣúgà wọn ṣì lọ sílẹ̀ jù, ó fa omi sí wọn lára, ó sì ní àfi kí wọ́n sùn síbẹ̀, torí oògùn náà ṣì wà lára, ó tún lè fà á wálẹ̀.

Ó ní, "Màmá, báwo lẹ ṣe lo oògùn yín?"

"Àárọ̀ lẹ ní kí n máa lò ó. Mo gbàgbé ti àná, mo wá lo tàná àti tòní pọ̀. Mi ò fẹ́ fi oògùn ṣòfò."

"Láìjẹun?"

"Ààwẹ̀ ni mo wà, dókítà. Omi àdúrà ni mo fi gbé e mì."

Dókítà ò bínú. Ó fa àga mọ́ra. "Màmá, èyí tẹ́ ẹ bá gbàgbé títí àkókò òmíràn fi tó, ẹ fi sílẹ̀, ẹ má lo méjì pọ̀. Ẹ máa jẹun sí i. Ẹ má sì dá a dúró fúnra yín o. Bí ààwẹ̀ bá ń bọ̀, ẹ kọ́kọ́ wá bá wa, ká wò ó bóyá ara yín gbà á, ká sì sọ bí ẹ ó ṣe lo oògùn."

"Tẹ́ ẹ bá ní kí n má gbààwẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ ó gbàdúrà láìgbààwẹ̀. Àbí Ọlọ́run ò ní gbọ́ tẹ́ ẹ bá yó?"

Màmá mi rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin ará, mo gbọ́ ẹ̀rín yẹn! O ṣé, Olúwa! O ṣé, o ṣé!

Ìrọ̀lẹ́ ni Bùrọ̀dá Dàre dé tòun ti bébà ìran. Ojú ń tì í. Ó ní, "Sístà, mo rò pé tiyín ni." Mo kà á. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ kan náà ni: Títí, ṣé o ti jẹun? Ẹ ní kó wálé. Títí, ṣé o ti jẹun?

Mo bi màmá mi pé, "Kí lẹ ń gbààwẹ̀ lé lórí gan-an?"

Wọ́n kọjú sí ògiri. "Kó o lè wálé ni." Wọ́n yíjú padà sí mi. "O sì ti wálé."

Ẹ bá mi dúpẹ́! Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Wòlíì tó gbọ́ràn sí ọmọdé lẹ́nu. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Bùrọ̀dá Dàre tó pè mí. Ìwọ tí ò ń lo oògùn ṣúgà tó o sì fi pa mọ́ fún gbogbo ilé àdúrà, jọ̀ọ́, sọ fún ẹni tó jókòó tì ọ́ lónìí, kó lè mọ ohun tó máa ṣe. Ìwọ tó o sì ń bínú sí ìyá rẹ, tó o wọṣọ tó o tún bọ́ ọ, má bọ́ ọ mọ́. Máa lọ. Ọlọ́run tó dúró dè mí á dúró dè ọ́.

Láàárọ̀ òní, Ìfẹ́, ọmọ mi, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀wé kà, rí bébà náà nínú Bíbélì mi. Ó ń fìka tọ̀ ọ́: "Tí-tí, ṣé o ti jẹ-un?" Ó gbójú sókè. "Màmi, ta ni Títí?" Màmá Ìfẹ́ ni gbogbo Àgọ́-Ìwòyè ń pè mí, kò gbọ́ ọ rí.

Mo ní, "Èmi ni. Wọ bàtà rẹ kíá, ká lọ bi Màmá Àgbà bóyá wọ́n ti jẹun."